Igi Wà, Àkọlé Kò Sí: Ìrìn-Àjò Mi sí Ọgbà Ewéko Kan n'Íbàdàn

Ọjọ́rú, àárọ̀, Èbúté Mẹ́ta

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe l'Ékòó, báyọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Sáà yìí la máa kà nípa bí wọ́n ṣe ń pín ewéko sí ìdílé-ìdílé, mo sì ti pinnu pé kì í ṣe inú ìwé nìkan la ti máa kà á. Mo fẹ́ kó wọn lọ síbi tí wọ́n á ti fọwọ́ kan èèpo igi, tí wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ lára àkọlé, tí yóò sì yé wọn pé igi apá tó ga fíofío àti ẹ̀wà tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó kúrò nílé, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn-àjò, ó yẹ kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọ̀nà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá gbéra lọ sí Ìbàdàn nígbà ìsinmi àárín sáà, kí n lè wo ọgbà ewéko kan tó wà láàárín ìlú.

Ibùdókọ̀ rélùwéè Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti máa wọkọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tètè jáde nílé kí n lè ráyè rìn yí ká àdúgbò náà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Pákó ni bàbá mi tà ní Oko Baba títí ọjọ́ fi lọ, etí ọ̀sà yẹn ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ orúkọ igi: arère, afàrà, òpèpè, ọ̀gánwó, ọmọ̀. Mo mọ̀ wọ́n ní pákó kí n tó mọ̀ wọ́n ní igi tó dúró.

Ohun tí bàbá mi kò sọ fún mi, bóyá torí pé wọn kò gbọ́ ọ rí, ni pé Èbúté Mẹ́ta yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbà ewéko sílẹ̀ sí ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ rárá. Wọ́n ń gbin kòkó, kọfí àti igi rọ́bà níbẹ̀, wọ́n sì ń pín irúgbìn fún àgbẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní ọgbà Kew ní London ni wọ́n ń gbà wá láti bójú tó o. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Millen, òun sì ni àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ rẹ̀ sọ igi ọmọ̀ wa, Cordia millenii. Ọmọ̀ tí àwọn àyàn fi ń gbẹ́ ìlù, tí àwọn ará etí omi fi ń gbẹ́ ọkọ̀, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ káàkiri ayé.

Ọgbà Aburi ní Ghana, 1890 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ti Limbe ní Kamẹrúùnù, àwọn ará Jámánì ló dá a sílẹ̀ ní 1892. Méjèèjì ṣì wà, èèyàn lè sanwó wọlé síbẹ̀ lónìí. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn l'Ékòó ni kò sí mọ́. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ojú irin ló gba gbogbo ilẹ̀. Mo rìn títí, n kò rí òkúta ìrántí kan tó sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yìí rí. Ó dùn mí wọra. Mo gbé báàgì mi, mo lọ wọ rélùwéè.

Ọjọ́rú, lójú irin

Rélùwéè tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn. Ó mọ́, ó tutù, ó sì gbéra lásìkò. Màmá kan jókòó tì mí, wọ́n ń lọ kí ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún wọn, wọ́n ní, "Ọgbà wo, ọmọ mi? Ṣé èyí tí wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀dé nínú ẹ̀ yẹn?" Mo ní bóyá òun ni, ṣùgbọ́n ọgbà ewéko ni, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá a bẹ́ẹ̀." Mo ṣe àmín.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ Olókèméjì ni mò ń rò. Igbó ọba ni, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, lẹ́bàá odò Ògùn. Láti 1899 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1929 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun ìkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú gan-an, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá. Ilẹ̀ tí iná ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn ń jó di pápá. Èyí tí iná kò dé, igbó padà síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó dàgbà lè sọ fún wa láìsí ìdánwò pé iná ń pa igbó. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, igi wo ló hù, igi wo ló kú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ níbi gbogbo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Tí ìwé yẹn bá sọnù, ilẹ̀ mẹ́ta lásán ló kù.

A dé Mọ́níyà ní ọ̀sán. Ibùdókọ̀ náà jìnnà sí ìgboro. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ wá gbọ́dọ̀ ti bá bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí Máíkírà tí èmi wọ̀ dé Bódìjà kò lè gba kíláàsì kan. Mo jẹun, mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, nínú ọgbà

N kò ní dárúkọ ọgbà yìí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́ ló ba ibẹ̀ jẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnì kankan fi ọ̀rọ̀ mi lé wọn níṣẹ́.

Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé fọ́tò lẹ wá yà ni àbí ẹ fẹ́ gba sípéèsì?" Mo ní igi ni mo wá wò. Ó ní, "Igi, mà?" Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó nínú bọ́ọ̀tì, ìyẹn náà wò mí. Ọmọ náà ní, "Kò sówó tigi o, mà. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọlé nìkan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lo kámẹ́rà, owó ẹ̀ wà lọ́tọ̀." Pátákó owó wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọlé, kámẹ́rà, kánópì, àga, jẹnẹrétọ̀, àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Mo béèrè bóyá ìwé àwòrán ọ̀nà wà, tàbí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn igi sí. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa ìyẹn kò tíì dé.

Mo wọlé. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, torí ó wà: àwọn igi náà ṣì dúró. Ọgbà tí kò fẹ̀ púpọ̀ láàárín ìlú, ó ní àràbà tí gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ sókè ga jù mí lọ. Ó ní ìrókò, ó ní afàrà méjì tó tọ́ gbọnrangandan, ó ní arère tí ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Nígbà tí mo wọ abẹ́ wọn, ariwo okadà tó wà lójú títì lọ sílẹ̀ lójijì, ooru sì rọ̀. Ẹni tó gbin àwọn igi wọ̀nyí mọ ohun tó ń ṣe. Ó fi àyè sí àárín wọn, ó sì tò wọ́n kí èèyàn lè máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ó hàn kedere pé ẹ̀kọ́ ló ní lọ́kàn.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni ilẹ̀. Wọ́n ti fi bíríkì olówó ńlá tẹ́ ojú ọ̀nà, wọn kò sì dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ ẹ dé ìdí igi gan-an, wọ́n fi sìmẹ́ńtì di etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú gbòǹgbò tó ń fa omi àti afẹ́fẹ́ fún igi, òkè ilẹ̀ ló máa ń wà, kì í jìn. Tí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi òjò á ṣàn kọjá lọ sí gọ́tà, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlẹ̀, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú afàrà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka òkè rẹ̀ ti dán, kò ní ewé mọ́. Wọ́n wá fi ẹfun kun ìdí gbogbo igi, ó ń tàn fún àwọn tó ń ya fọ́tò.

Ilé gíláàsì kan wà lápá òsì, níbi tó jọ pé wọ́n ti ń hu irúgbìn nígbà kan. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ tán, àga rọ́bà ni wọ́n tò jọ sínú rẹ̀. Ewéko tó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà létí títì níbi gbogbo ni. N kò bínú sí òdòdó, ṣùgbọ́n ẹ wo pèrègún tó hù lẹ́yìn ilé náà láìsí ẹni tó bojú wò ó, ẹ wo akòko tí a fi ń jẹ oyè, tí wọ́n so okùn kánópì mọ́. Ọmọ ìlú mélòó ló ń kọjá níwájú akòko yìí láìmọ̀ pé òun ni?

Nítorí àkọlé ni mo ṣe wá, àkọlé ni mo sì ń wá kiri. Mo ti igi kan bọ́ sí igi kejì, mo yí ìdí wọn po, mo wo ilẹ̀, mo wo ara wọn. Òpó irin kúkúrú wà níwájú àwọn kan, orí rẹ̀ ti ṣí, kò sí nǹkan níbẹ̀. Lára ìrókò, ihò ìṣó méjì. Lára àràbà, orúkọ àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ.

Lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan. Ìtì igi náà nípọn, ewé rẹ̀ fẹ̀, mo wo èyí tó já bọ́ sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ̀ ni. Níbi tó ṣe déédéé ojú mi, èèpo rẹ̀ wú síta ní ọ̀gbọọgba, ó ṣẹ́ po, etí irin pẹlẹbẹ kan sì yọ díẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo fi hańkáṣíìfù nu ún. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n lù mọ́ ọn ṣì hàn ní apá ọ̀tún: L, L, E, N, I, I. Ìyókù ti wọnú igi lọ. Mo fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ èèpo ni igi ti ń sanra, ọdọọdún ló ń fi ìpele tuntun kún ara rẹ̀, ìṣó kì í sì kúrò níbi tí wọ́n kàn án mọ́. Tí wọn ò bá wá tú u, kí wọ́n fà á síta díẹ̀ ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, èèpo á máa gun orí àkọlé náà títí á fi bò ó. Kò sí olè tó jí àkọlé yìí. Ẹnì kan wá nígbà kan pẹ̀lú òòlù àti ìmọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kò sẹ́ni tó wá mọ́.

Bàbá kan tó ń gbálẹ̀ ló bá mi níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ọgbà ló wà lọ́rùn wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ fún wọn pé tíṣà ni mí. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ jẹ́ẹ́. "Tíṣà, ọmọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n fi àwọn tó kù hàn yín." Bí wọ́n ṣe ń mú mi kiri nìyẹn fún bíi wákàtí kan. Wọ́n mọ igi tó máa ń so lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n mọ èyí tí àdán ń wá jẹ èso rẹ̀ lóru, wọ́n mọ èyí tí àwọn eléwé ọmọ máa ń yọ́ wá bó èèpo rẹ̀ ní ìdájí. A dé ìdí kùkùté ńlá kan tí wọ́n gé pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Mo béèrè ohun tó ṣe é. Wọ́n ní, "Ìdígbò ni. Wọ́n ní ewé ẹ̀ ń já sórí kánópì." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò bi wọ́n mọ́.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kò sí ìwé tí wọ́n kọ gbogbo èyí sí ni?" Wọ́n ní ó wà nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìwé gbàǹgbà kan, aláwọ̀ ewé, nínú ọ́fíìsì. Igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín àti ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá. Òrùlé jò lọ́dún kan, wọ́n kó ẹrù sílẹ̀, ikán wọ inú ìwé náà.

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Igi tó pọ̀ kọ́ ló ń sọ ibì kan di ọgbà ewéko, ibòji tó tutù kọ́ sì ni. Tí ó bá jẹ́ tìyẹn, gbogbo igbó ló jẹ́ ọgbà ewéko. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé wọ́n mọ igi kọ̀ọ̀kan: kí ni orúkọ rẹ̀, níbo ni wọ́n ti mú un wá, ta ló gbìn ín, ọdún wo. Tíṣà tó ní ọmọ ọgọ́rùn-ún nínú kíláàsì tí kò ní rẹ́jísítà, kò lè mọ ẹni tí kò wá lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà yìí ṣe rí. Ìdígbò kan kúrò, kò sí ibi kankan tí wọ́n ti fa igi lé orúkọ rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé irúgbìn rẹ̀ wá láti inú igbó kan tí wọ́n ti gé tán báyìí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀, kò sẹ́ni tó lè tún un gbìn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. Ọlọ́jọ́ìbí kan ló gba ibẹ̀. Mo jáde. N kò sọ pé kí wọ́n má ṣe pátì. Ìlú nílò ibi tí tọkọtaya lè jókòó sí, owó kánópì sì ni wọ́n fi ń san owó àwọn tó ń gbálẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó kánópì ọjọ́ kan péré lè ṣe àkọlé fún gbogbo igi tó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Jẹ́ríkò

Mo ti kọ lẹ́tà ṣáájú sí ilé ìpamọ́ ewé tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò. Láti 1943 ni ilé ìpamọ́ yìí ti wà, ewé gbígbẹ tó wà níbẹ̀ sì ju 100,000 lọ. FHI, ìyẹn Forest Herbarium Ibadan, ni àmì tí gbogbo àwọn onímọ̀ ewéko lágbàáyé fi mọ̀ ọ́n. R. W. J. Keay ṣiṣẹ́ níbẹ̀, C. F. A. Onochie náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ka nǹkan nípa igi Nàìjíríà, kò lè yẹ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, òórùn káńfọ̀ àti ti bébà tó ti pẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù tò láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrá dé òpin. Ìyáàfin tó gbà mí lálejò fara balẹ̀ fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Wọ́n á já ẹ̀ka tó ní ewé, tó sì ní òdòdó tàbí èso. Wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pákó àti bẹ́líìtì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle, àkọlé á sì wà ní igun ìsàlẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọmọ̀. Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀, wọ́n mú fódà kan wá, wọ́n ní, "Ẹ rọra o, tíṣà. Ẹ má fọwọ́ líle mú un." Wọ́n ṣí i. Ewé náà ti di àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan rẹ̀ ló pé. Mo ka àkọlé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ẹni tó já a. Nọ́ńbà. Ọjọ́. Ibi tí ó ti já a. Bí igi náà ṣe ga tó. Àwọ̀ òdòdó rẹ̀, torí àwọ̀ máa ń ṣá tí ewé bá gbẹ, bí wọn ò bá kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é: Ọmọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n òun nìyẹn. Ẹnì kan dúró nínú igbó, ó bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè, ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyáàfin náà ṣàlàyé fún mi pé nígbà mìíràn wọ́n máa ń já ju ẹyọ kan lọ lára igi kan, kí wọ́n lè fi èkejì ránṣẹ́ sí ibòmíràn bíi Kew, pé tí nǹkan bá ṣe ti ibí, ti ọ̀hún á ṣì wà. Wọ́n tún sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú: kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ ewé gbígbẹ, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rinrin ìgbà òjò. Iṣẹ́ kí á máa ṣọ́ nǹkan kí ó má bàa bàjẹ́, kò hàn síta, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nígbà tí mo jáde ni pé ìlú kan náà ni. Mo bi ìyáàfin náà bóyá wọ́n lè bá ọgbà kan yanjú orúkọ igi rẹ̀ tí wọ́n bá mú ewé àti òdòdó wá. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò ní ṣeé ṣe? Iṣẹ́ wa ni." Bàbá tó ń gbálẹ̀ mọ gbogbo igi ní Yorùbá. Àwọn ará Jẹ́ríkò mọ̀ wọ́n ní Látìn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi báàgì gbé ewé láti ibì kan lọ sí ibì kejì.

Àwọn kan á sọ pé kí n kúkú kó àwọn ọmọ lọ sí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Òótọ́ ni pé igbó tó wà níbẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Láti 1967 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bíi hẹ́kítà 1,000, wọ́n sì dá bíi 350 sí ní igbó. Ẹyẹ Ibadan malimbe, tó jẹ́ pé kò sí níbòmíràn láyé ju ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ, ń gbé inú rẹ̀. A óò lọ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n igbó yàtọ̀ sí ọgbà. Ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dá igi mọ̀ nílò ibi tí igi wà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èèyàn lè yí ìdí rẹ̀ po, tí ó sì lè dé láìgba ìwé àṣẹ. Ìdí tí ọgbà àárín ìlú fi ṣe pàtàkì sí mi nìyẹn. Ọmọ aláró, ọmọ onímọ́tò, ẹnikẹ́ni ló lè san owó tíkẹ́ẹ̀tì wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń padà s'Ékòó

Kí n tó lọ sí Mọ́níyà, mo ya ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá wà níbẹ̀, wọ́n ń kó ike omi àti páálí àná jọ. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà kí àwọn ọmọ iléèwé mi wá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa pe orúkọ igi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́, kí wọ́n máa fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè pé. Wọ́n ní ìgbàkigbà. Wọ́n ní kí a má wá lọ́jọ́ Sátidé, ariwo máa ń pọ̀ jù.

Inú rélùwéè ni mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà náà, mo sì ń tún un ṣe bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò fi ẹ̀sùn kankan sínú rẹ̀. Mo béèrè nǹkan mẹ́ta: kí wọ́n gbà kí a já ewé àti òdòdó lára igi kọ̀ọ̀kan fún Jẹ́ríkò, kí wọ́n yọ bíríkì kúrò nídìí àwọn igi ní ìwọ̀n mítà kan yí ká, pàápàá jù lọ afàrà tó ń gbẹ yẹn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ báyọ́lọ́jì iléèwé wa ṣe àkọlé. Alumíníọ̀mù la máa lò, kò ní dípẹtà. Orúkọ Yorùbá á wà lókè ní lẹ́tà gàdàgbà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, Látìn á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tó máa bá ti inú ìwé mu. Ìwé náà á jẹ́ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ní ọgbà, ọ̀kan ní iléèwé wa. A ò ní kan àkọlé mọ́ ara igi pinpin. Sípíríǹgì la máa fi sẹ́yìn rẹ̀, kí igi lè rí àyè sanra, a ó sì kọ oṣù tí ó yẹ kí ẹnì kan wá tú u síta sí ẹ̀yìn ìwé náà.